Ọwọ́ Tí Mo Nà Sínú Afẹ́fẹ́ ní Lómé

Ọyẹ́

Ọyẹ́ ló mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé, kì í sì í ṣe ọyẹ́ kékeré. Eruku funfun bo gbogbo òrùlé àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn yọ láìní agbára kankan, ètè mi sì ti là kí n tó rí òrí fi pa á. Ọmọ mi obìnrin fi aṣọ nínípọn dì mí bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Màámi, ẹ má bọ́ ọ o, òtútù ọ̀nà yàtọ̀." Ká tó kọjá Kútọnu, mo ti bọ́ gbogbo ẹ̀, òógùn sì ń wẹ̀ mí. Afẹ́fẹ́ etíkun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọyẹ́. Ó rin gbingbin, ó sì gbóná, bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún bojú.

Àwọn tó ń bi mí pé báwo ni Lómé ṣe rí pọ̀. Mo ti fi ẹnu sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ bí mo bá ti dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà, mo máa ń fò ó. Níbí, mi ò fẹ́ fo nǹkan kan. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá wa tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí òróró ẹ̀pà, torí náà, ẹ má retí ìwé tó ga. Ohun tójú mi rí ni mo kọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi, Sàlámọ̀tù, ló gbé mi lọ. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Ọmọge ni nígbà tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lómé, ó sì ti di ìyá àgbà síbẹ̀. Ìkòkò àti abọ́ ló ń tà ní ọjà Bè-Kpota: àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìnáwó, àwo tánganran, bàsíà. Ìkòkò yìí ló ń gbé sókè, gbé sílẹ̀, láti òwúrọ̀ dalẹ́, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ kan, nǹkan kan yọ jáde ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, lápá òsì, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dìde, á yọ. Bó bá dùbúlẹ̀, á padà wọlé. Dókítà ní ìfun ni. Ó ní ibi tí ẹran ara ti dẹ̀ ló ń gbà yọjú, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì rán ihò náà pa.

Sàlá pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè gbé ìkòkò mọ́. Oníbàárà ló ń gbé e fún ara rẹ̀. Bí mi ò bá lè gbé ìkòkò, kí ni mo wá ń ṣe lọ́jà? Ẹ wá dúró tì mí, kí wọ́n ṣe é, kí n padà sídìí ọjà mi."

Ohun tó fẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó lè gbé ìkòkò rẹ̀.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Bè-Kpota, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní sémíjàn. Ẹni tó gbé mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀, àmọ́ níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti gbun, ó máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti di orúnkún mi mú, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni mí. Mi ò rí irú ẹ̀ nílé rí. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo bá gbàdúrà fún un ní Yorùbá. Ó ṣe "Àmín." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ àbí kò gbọ́.

Kí n tó jókòó nílé Sàlá, obìnrin gíga kan ti gbé omi lé mi lọ́wọ́. "Wẹ̀zọ̀," ló wí, ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kí i bí a ṣe ń kí, kí n bi í ní ilé, kí n bi í ní ọmọ, kí n bi í ní ọjà. Ó kàn ń nawọ́ sí ife náà, pé kí n mu ún.

Sàlá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ mu ún ná, Ẹ̀gbọ́n mi. Níbí, wọn kì í bi àlejò ní nǹkan kan títí omi á fi kan ọ̀fun rẹ̀."

Mo mu ún. Ìgbà tí mo gbé ife sílẹ̀ ni gbogbo wọn tó jókòó tì mí, tí wọ́n ní kí n wá sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ó wù mí. Nílé wa, ìbéèrè á ti pa àlejò kí wọ́n tó rántí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Afí ni orúkọ obìnrin yẹn, ẹja gbígbẹ ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Sàlá, òun àti Sàlá sì ti jọ ń jà, tí wọ́n jọ ń parí ẹ̀, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́mọge.

Àlàájì, ọkọ Sàlá, jáde wá pẹ̀lú tẹsùbáà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun yẹn. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àrìnwọ̀ o. Ça va? Ça va?" Èmi ò mọ èyí tí mo máa dáhùn nínú ẹ̀, Yorùbá ni àbí Faransé.

Oúnjẹ wọn dára, n ò ní purọ́. Àkúmẹ ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, ọkà àgbàdo funfun, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí akàn odidi ń ta ẹsẹ̀ sókè nínú rẹ̀. Àmọ́ ata wọn ò mọ ẹni tó dàgbà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àblò, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n pò, tí wọ́n fi ooru omi sè, ó rọ̀, ó sì dùn díẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni bí àwọn ọmọ ṣe ń pariwo "Anagó! Anagó!" tẹ̀lé mi bí mo bá jáde, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Mo bínú lọ́jọ́ kìíní. Sàlá ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Anagó lèmi náà láti ọjọ́ tí mo ti dé. Bí mo bá sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin náà á máa pè mí ní ará Tógò. Ìdí ìkòkò mi nìkan ni mo ti ń jẹ́ Sàlámọ̀tù."

Ọmọ Àtàkpàmé

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbà wá sí mọ́. Àwọn ará ilé tó ń dúró ti aláìsàn máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Ẹni tó bá se oúnjẹ á bù fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wọlé wá bá wa ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kòmí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?"

"Kì í ṣe Yorùbá, ìyá. Ifẹ̀ ni wá."

"Ifẹ̀ wo? Ilé-Ifẹ̀?"

"Ifẹ̀ tiwa, ní Àtàkpàmé. Àwọn bàbá wa ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún làwọn ti wá, àwọn ò kàn padà lọ kí yín ni."

"Ẹ ò ṣe dáadáa," ni mo wí. "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èdè rẹ̀ jọ tiwa, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ́tí dáadáa kó tó gbọ́ ọ. Ó bá Sàlá sọ ọ́, pé kó dìde dúró, kó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, kóun lè rí ibi tí nǹkan náà ti ń yọ, kóun fi àmì sí i.

Sàlá fa ìró dé ọrùn. "Èwo nìyẹn? Ọmọ tí mo lè bí? Kí n tú ìró fún un?" Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó di ojú. Bó ṣe dùbúlẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún ti padà wọlé, ara rẹ̀ sì tẹ́jú bí ara ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo dá sí i. Àgbà ni mí, ibi tí àgbà bá wà, ojú kì í ti àbúrò. "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni kó o bi."

"Ó dáa, ìyá. Apá wo ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í fi ara wa júwe àìsàn ẹlòmíràn. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan ara ẹni nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a máa gbọn ìka dànù, a ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn. Torí náà, mo na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ níwájú mi, bí ẹni pé Sàlá dúró níbẹ̀ tó kọjú sí mi, mo sì fi ìka sọ ibi tó wà lára rẹ̀. "Ibí yìí," ni mo wí. Mi ò pe apá kankan lẹ́nu, ìka ti sọ ọ́. Kòmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó mi orí pé òun ti gbọ́, ó lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ Sàlá kó sún etí ìró sẹ́yìn díẹ̀, ó fi bírò fa ilà kékeré. Sàlá ò la ojú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ibi tí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́ ni.

Wọ́n dúró

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì, ẹnu Sàlá ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n gbé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan sì mú ìwé tó wà lórí pátákó jáde, ó ń kà á sókè ketekete kí gbogbo wọn gbọ́. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Sàlá rò pé ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀. Ó bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ó bi í pé apá wo.

"Òsì," ni Sàlá wí.

Obìnrin náà ṣí aṣọ wò. Ilà bírò wà ní ọ̀tún.

Sàlá ní ẹni tó ń to irinṣẹ́ fi í sílẹ̀, dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún bi í, ó tún ní òsì. Dókítà ní kò tán síbẹ̀, pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ò bá ti dọ́gba, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìdúró. Ó ní kó dọ̀la. Wọ́n gbé ẹlòmíràn wọlé.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Sàlá fi rìn jáde wá bá mi lábẹ́ igi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ á máa lọ sílé. Ọ̀tún ni wọ́n fẹ́ gé! Ara tó dá ṣáṣá! Ìlú wo ni wọn ò ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?"

Inú bí mi. Mo wá Kòmí lọ, mo sì sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn èèyàn. "Ta ló fún ẹ ní bírò? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní Àtàkpàmé nìyẹn?"

Ó sorí kọ́. "Pardon, màmá. Ó yẹ kí n bi òun fúnra rẹ̀. Àṣìṣe mi ni. Àmọ́ ẹ wò ó, ìwé yẹn ti dá wa dúró. Ibi mẹ́ta ló ti ń dá wa dúró: kí a tó fún èèyàn ní oògùn oorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí a tó gbé e kúrò níbẹ̀. A ó bi aláìsàn, a ó bi ara wa, a ó ka aṣọ àti abẹ́rẹ́ kó má bàa ku nǹkan kan sínú èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀, kò sẹ́ni tó lè kọjá, dókítà àgbà pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ mú un padà wá lọ́la."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló máa ń kàwé kó tó ṣe é? Ṣé mo máa ń kàwé kí n tó fún òróró?"

Ó yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀.

Nílé, Àlàájì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run ló dá wọn dúró! Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ yìí wà nínú kádàrá rẹ̀, ṣé wọ́n á ṣì í? Ọlọ́run ní kó má ṣe é." Gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é, ó sì jinlẹ̀ lọ́kàn mi. Wọ́n dín màsà, wọ́n fi ṣe sàárà káàkiri àdúgbò.

Afí nìkan ni kò ṣe àmín. Ó jẹ màsà tán, ó nu ọwọ́, ó sọ nǹkan kan ní Mínà, èdè ọjà wọn, Sàlá sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló wí.

"Ó ní ìyà ń jẹ mí. Ó ní àwọn tó béèrè kí wọ́n tó gé mi ni mo wá ń sá fún. Ẹ má dá Afí lóhùn, ẹja ti kó sí i lórí."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Okùn àwọ̀n

Inú Sàlá dùn ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ń ti nǹkan náà padà sínú, ó ń fi ọ̀já gbà á, ó ní ara òun ti fúyẹ́. Ó ní mi ò lè wá sí Lómé kí n má rí òkun, ó sì mú mi lọ sí Avépozo.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ òkun fún ẹni tí kò rí i. Ó ń pariwo, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. A jókòó lábẹ́ igi àgbọn, a fi ẹja díndín jẹ àblò, Sàlá sì ń yọ eegun ẹja fún mi bó ṣe máa ń ṣe fún bàbá wa. Lẹ́yìn wa ni àwọn ilé tuntun tí wọn ò tíì kùn ní ọ̀dà, níwájú wa ni àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n wálẹ̀. Okùn náà gùn láti inú omi dé orí yanrìn, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin ló dì í mú tí wọ́n ń fà á pẹ̀lú orin.

Sàlá ní, "Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, wọ́n á fún un lẹ́ja. Àlejò náà ni o. Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹ ẹja ọ̀fẹ́."

Mo dìde. Ọkùnrin kan ṣípò fún mi bí ẹni pé ó ti ń retí mi, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa ti ẹsẹ̀ bọ yanrìn. Inú mi dùn bí ọmọdé. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, Sàlá ti dì í mú lẹ́yìn mi.

"Sàlá, fi í sílẹ̀."

"Ẹ fà á jàre! Ọlọ́run ti wò mí sàn."

Mi ò jà á gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, orin yẹn sì ń dùn mọ́ mi.

Kò pẹ́ tó fi okùn sílẹ̀. Ó jókòó sórí yanrìn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dùbúlẹ̀ kí nǹkan náà lè wọlé, kò wọlé. Mo fọwọ́ kàn án lórí aṣọ, ó le, ó gbóná, Sàlá sì ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Ọkùnrin tó ṣípò fún mi ló sọ okùn sílẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó sáré gbé e dé ojú títì, ó dá ọkọ̀ dúró, ó sì bá wa wọ inú ọkọ̀ náà. Wọn ò tíì fa àwọ̀n yẹn débùúté. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ìbéèrè kan náà

Kòmí ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí a wọlé. Kò bá mi sọ ti ọjọ́ yẹn. Ó pe dókítà, wọ́n sáré, wọ́n gún Sàlá lábẹ́rẹ́, wọ́n tì í lọ. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n dúró. Obìnrin yẹn mú ìwé rẹ̀ jáde.

Mo pariwo. "Ẹ tún fẹ́ kàwé? Ó ń kú lọ!"

Wọ́n bi Sàlá ní orúkọ, ìkérora nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí mi. Mo pe orúkọ àbúrò mi, mo pe orúkọ bàbá wa. Kòmí ń bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Apá wo ni, màmá?"

Mo na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Ibí yìí."

Kòmí ò mi orí lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ọwọ́ mi. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wá dúró níwájú mi gan-an, níbi tí mo nawọ́ sí, ó kọjú sí mi. Ìka mi bọ́ sí òsì rẹ̀. Ó tún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wò ó láti ibẹ̀. Láti ibẹ̀, apá ọ̀tún ara tèmi ni ìka mi ń lọ.

"Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "lọ́jọ́sí, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo dúró sí. Mo rò pé ara tiyín lẹ fi ń wọ̀n ọ́n."

Mo fa ọwọ́ mi padà.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé ara yín, ẹ fi hàn mí."

Mo gbé ọwọ́ mi lé ìsàlẹ̀ ikùn ara mi, lápá òsì, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Mi ò gbọn ìka dànù. Obìnrin náà ṣí aṣọ Sàlá, nǹkan náà yọ gedegbe sí òsì tí afọ́jú á rí i, síbẹ̀ ó fọwọ́ kàn án, ó sọ ọ́ sókè, gbogbo wọn dáhùn. Kò pẹ́ rárá. Èmi ni mo rò pé ó ń pẹ́. Wọ́n gbé e wọlé.

Mo jókòó sórí ẹní ẹlòmíràn lábẹ́ igi. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ń ro ohun tí mo sọ sí ọmọ yẹn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní mo ti jẹ́ kí Sàlá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ká ní mo ti dá a padà lọ́jọ́ kejì bí wọ́n ṣe bẹ̀ wá. Iṣẹ́ kékeré ni, wọn ì bá ti parí ẹ̀, ì bá ti máa gbé ìkòkò rẹ̀. Àwọn tí mo bínú sí torí pé wọ́n dúró, àwọn ló dáàbò bò ó lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí dókítà jáde, Kòmí túmọ̀ fún mi. Ìfun tó há síta ti kú níbì kan, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì so ó pọ̀. Ó máa yè. Àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́ láyé rẹ̀. Dókítà ní, "Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá…" Kò parí rẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kòmí. Ó ní èmi àti òun la jọ pín ẹ̀bi náà, pé òun náà ò ní bi ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, aláìsàn lòun máa bi. Ó ń sọ ọ́ kí ara lè tù mí. Kò tù mí.

Sàlá gbọ́

Mo dúró títí Sàlá fi lè jókòó mu ẹ̀kọ. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láti orí ìró tó fà dé ọrùn títí dé ibi tí Kòmí ti wá dúró níwájú mi.

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ẹ fi ọwọ́ júwe mi nínú afẹ́fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ fi ara mi júwe."

"Nítorí kó má bàa ṣe yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó di ikùn rẹ̀ mú. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n rán á tú. Gbogbo ilé dín màsà, gbogbo ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mi ni!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rín ti tán nínú ẹ̀, omi yẹn nìkan ló ń bọ̀. Mo fẹ́ nù ún, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àlàájì tó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń fa tẹsùbáà.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé ìkòkò mọ́," ni Sàlá wí.

"Mo gbọ́."

"Ìsọ̀ mi ti wà ní títì láti ọjọ́ Avépozo. Bí ìsọ̀ bá wà ní títì pẹ́ ní Bè-Kpota, ẹlòmíràn á tẹ́ ọjà síwájú rẹ̀. Ta ló máa ṣí i?"

Mo gbé ife ẹ̀kọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó sùn, tàbí ó ṣe bí ẹni sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlàájì, mo lọ sí Bè-Kpota. Afí wò mí láti orí ẹja rẹ̀, ó dìde, ó gbé omi fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí kó ọjà síta. Mo kó àwọn abọ́ kéékèèké jáde ná, lẹ́yìn náà bàsíà, lẹ́yìn náà àwọn ìkòkò tí apá mi ká. Ó ku èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀ ìsọ̀. Mo gbìyànjú láti gbé e, kò ṣe é gbé fún mi. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, mo sì jókòó tì í, mo ń retí oníbàárà.